Orí Kẹjọ: Tourbillon Méjì Nínú Aago Ọwọ́ Kan

Ìṣẹ́jú àáyá 86,400 ló wà nínú ọjọ́ kan. Aago tó bá fi márùn-ún péré yára jù lójúmọ́, àṣìṣe rẹ̀ kò tó mẹ́fà nínú 100,000. Ta ni yóò ní òṣìṣẹ́ tó péye tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní kí i kú iṣẹ́? Síbẹ̀, márùn-ún yẹn ni àwọn aláago ilẹ̀ Yúróòpù ti ń bá wọ̀yá ìjà láti ohun tó lé ní 200 ọdún. Nínú orí yìí, a ó wo ibi tí ìjà náà gbé wọn dé: aago ọwọ́ tó ní tourbillon méjì nínú, tí owó rẹ̀ tó kọ́ ilé ńlá.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é ní méjì, àfi kó kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹyọ kan ń ṣe. Ẹni tó bá sì fẹ́ mọ ohun tí ẹyọ kan ń ṣe, àfi kó mọ ohun tó ń yọ aago lásán lẹ́nu. Ibẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ń mú aago rìn

Aago tí à ń sọ yìí kò ní bátìrì. Agbára rẹ̀ wà nínú sípíríǹgì ńlá kan, irin pẹlẹbẹ tó gùn, tí a ká sínú agolo kékeré kan tó ní eyín létí. Agolo yìí la ó máa pè ní ilé sípíríǹgì. Bí ẹni tó ni aago bá ń lọ́ orí kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, sípíríǹgì náà ló ń ká le. Bó ti ń tú padà ni ilé rẹ̀ ń yí, tí eyín rẹ̀ ń ti kẹ̀kẹ́ àárín, kẹ̀kẹ́ àárín ń ti kẹ̀kẹ́ kẹta, kẹta ń ti kẹrin, kẹrin ń ti kẹ̀kẹ́ ìkẹyìn. Bí agbára ti ń ti ọwọ́ ọ̀kan bọ́ sọ́wọ́ èkejì, ìyára ń pọ̀ sí i, ipá ń dín kù. Kẹ̀kẹ́ àárín ń yí ká lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí kan. Kẹ̀kẹ́ kẹrin ń yí ká lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú kan.

Bí kò bá sí ohun tó ń dá wọn dúró, wéré ni sípíríǹgì náà yóò tú tán. Ohun tó ń dá wọn dúró ni ìdákọ̀ró, irin kékeré oníga méjì tí òkúta rúbì méjì wà lórí rẹ̀. Òkúta kan á há sí eyín kẹ̀kẹ́ ìkẹyìn, á tú u sílẹ̀, èkejì á tún há a. Ìró tí a máa ń gbọ́ bí a bá gbé aago sétí, ìró òkúta àti eyín ni. Thomas Mudge, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló gbé irú ìdákọ̀ró yìí jáde ní ọ̀rúndún kejìdínlógún.

Ta ló wá ń sọ fún ìdákọ̀ró pé àkókò tó láti tú eyín sílẹ̀? Kẹ̀kẹ́ àlọbọ̀ ni. Kẹ̀kẹ́ yìí kò ní eyín. Ńṣe ló ń yí sọ́tùn-ún, tó tún ń yí sósì, nítorí pé sípíríǹgì kejì, sípíríǹgì tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò nípọn tó irun orí, ń fà á padà sí àárín nígbàkúùgbà tó bá kọjá lọ. Christiaan Huygens, ará Nẹ́dálándì, ló fi irú sípíríǹgì bẹ́ẹ̀ han aráyé ní 1675. Láti ìgbà náà ni aago tó ṣeé fọkàn tán ti wọnú àpò ènìyàn.

Aago tó bá ń lù nígbà 18,000 ní wákàtí kan ń lù nígbà márùn-ún ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tó ń lù nígbà 21,600 ń lù nígbà mẹ́fà. Ti 28,800, ìgbà mẹ́jọ. Kí ọjọ́ kan tó pé, aago 21,600 yóò ti lù nígbà 518,400. Bí ìlù kọ̀ọ̀kan bá pẹ́ ju bó ti yẹ lọ, ì báà kéré tó ohun tí etí kò lè gbọ́, àròpọ̀ rẹ̀ ló ń di ìrẹ̀yìn tí a ń rí lójú aago.

Ohun tí òòfà ilẹ̀ ń ṣe

Kẹ̀kẹ́ àlọbọ̀ tó pé ni èyí tí ìwúwo rẹ̀ dọ́gba yí ká, tí ojúkò ìwúwo rẹ̀ sì bọ́ sí àárín gbùngbùn ọ̀pá tó ń yí lé lórí. Ọmọ aráyé kò tíì ṣe irú rẹ̀ rí. Apá kan á wúwo ju èkejì lọ, ì báà jẹ́ ìwọ̀n eruku. Sípíríǹgì tẹ́ẹ́rẹ́ náà ní wàhálà tirẹ̀: bó ti ń fẹ̀ tó sì ń súnkì, ojúkò ìwúwo rẹ̀ kì í gbé ojú kan.

Bí aago bá dùbúlẹ̀ lórí tábìlì, tó kọjú sókè, àbùkù yìí kò pa ẹnikẹ́ni lára, nítorí pé òòfà ilẹ̀ ń fa kẹ̀kẹ́ náà wálẹ̀ gba ojú ọ̀pá rẹ̀. Ìgbà tí aago bá dìde dúró ni ọ̀rọ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Bí apá tó wúwo bá wà nísàlẹ̀ nígbà tí kẹ̀kẹ́ wà ní ìsinmi, òòfà á máa ran sípíríǹgì lọ́wọ́ láti fa kẹ̀kẹ́ padà sí àárín, aago á sì yára. Bó bá wà lókè, òòfà á máa tako sípíríǹgì, aago á rẹ̀yìn.

Èyí rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí kẹ̀kẹ́ kò bá yí jìnnà púpọ̀. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé bí kẹ̀kẹ́ bá ń yí kọjá nǹkan bí 220° sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ á dojú dé: apá tó wúwo nísàlẹ̀ ló máa ń mú aago rẹ̀yìn nígbà náà, èyí tó wà lókè ló ń mú un yára. Ní nǹkan bí 220° yẹn, àṣìṣe náà á parẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ́ nípa pẹ́ńdúlọ̀mù, ẹ gbìyànjú láti fi ọgbọ́n orí yín rí ìdí rẹ̀. Bí apá tó wúwo bá ti kọjá téńté òkè, ibo ni òòfà ilẹ̀ ń tì í sí? Aago tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ká lè máa yí tó 300°. Bí sípíríǹgì ńlá rẹ̀ bá ń tú lọ sópin, ó lè wálẹ̀ sí 200° tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Aago kan náà ni, àbùkù kan náà ni, ṣùgbọ́n àṣìṣe àárọ̀ yàtọ̀ sí ti alẹ́.

Ìfarakanra tún wà níbẹ̀. Nígbà tí aago bá dùbúlẹ̀, ṣóńṣó ọ̀pá kan ṣoṣo ló ń gbé ìwúwo kẹ̀kẹ́ àlọbọ̀. Nígbà tó bá dúró, ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá lókè àti nísàlẹ̀ ló ń ra mọ́ òkúta, ìfarakanra á pọ̀ sí i, kẹ̀kẹ́ kò sì ní yí jìnnà tó ti tẹ́lẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn. A óò padà sí i.

Àgò Breguet

Ìlú Neuchâtel, tó wà ní Switzerland lónìí, ni wọ́n ti bí Abraham-Louis Breguet ní 1747. Paris ló ti ṣiṣẹ́, ní Quai de l'Horloge, létí odò Seine. Ní ọjọ́ 26 oṣù Òkúdù, ọdún 1801, ìjọba ilẹ̀ Faransé fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ ọlọ́dún mẹ́wàá lórí ohun tó pè ní tourbillon. Ọkùnrin yìí kò da ara rẹ̀ láàmú láti ṣe kẹ̀kẹ́ tí kò ní àbùkù. Ó gbà kí àbùkù wà, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí i kiri.

Inú àpò ẹ̀wù ni aago máa ń wà nígbà náà, níbi tó ti máa ń wà lóòró láti àárọ̀ dalẹ́. Ìhà kan náà ni apá tó wúwo ń wà, àṣìṣe kan náà ló sì ń kó jọ ní gbogbo ọjọ́. Breguet kó kẹ̀kẹ́ àlọbọ̀, sípíríǹgì tẹ́ẹ́rẹ́, ìdákọ̀ró àti kẹ̀kẹ́ ìkẹyìn sínú àgò kan, ó sì mú kí àgò náà fúnra rẹ̀ máa yí.

Ẹ fara balẹ̀ ka bó ṣe ṣe é, nítorí ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà. Nínú aago lásán, kẹ̀kẹ́ kẹrin ló ń yí kẹ̀kẹ́ ìkẹyìn. Nínú tourbillon, a de kẹ̀kẹ́ kẹrin mọ́ ìpìlẹ̀ ẹ̀rọ, kò lè yí mọ́. Àgò ni kẹ̀kẹ́ kẹta wá ń tì. Bí àgò ti ń yí, ó ń gbé kẹ̀kẹ́ ìkẹyìn rìn yí kẹ̀kẹ́ kẹrin tó dúró gbọn-in náà ká. Eyín kékeré tó wà ní ìdí kẹ̀kẹ́ ìkẹyìn ń gun eyín kẹ̀kẹ́ kẹrin lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ló sì ń mú un yí. Bí ìdákọ̀ró bá há kẹ̀kẹ́ ìkẹyìn, odindi àgò dúró. Bó bá tú u sílẹ̀, àgò sún díẹ̀. Báyìí ni yóò máa sún tí yóò máa dúró, ìgbà márùn-ún tàbí mẹ́fà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, títí yóò fi yí ká tán láàárín ìṣẹ́jú kan.

Kí ìṣẹ́jú yẹn tó pé, apá tó wúwo ti dé ìsàlẹ̀, ó ti dé ẹ̀gbẹ́, ó ti dé òkè. Ibi tó ti mú aago yára àti ibi tó ti mú un rẹ̀yìn á pa ara wọn rẹ́. Ẹ má ṣe gba ẹnikẹ́ni gbọ́ tó bá ní tourbillon ń ṣẹ́gun òòfà ilẹ̀. Òòfà ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ti ń ṣe é látijọ́. Ohun tí tourbillon ṣe ni pé ó sọ àṣìṣe gbogbo ìhà òòró di ẹyọ kan ṣoṣo, aláago sì lè wá fi sùúrù tún ẹyọ kan yẹn ṣe.

Iṣẹ́ náà le débi pé èyí tó jáde láti ilé iṣẹ́ Breguet kí ó tó kú ní 1823 kò tó 50. Àwọn mìíràn wá ọ̀nà tó rọrùn. Bahne Bonniksen, ọmọ Denmark tó ń gbé ní Coventry nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe irú àgò mìíràn ní 1892, ó pè é ní karrusel. Àgò tirẹ̀ kì í kánjú, nǹkan bí ìṣẹ́jú 52 ló fi ń yí ká. Ní Glashütte nílẹ̀ Jámánì, Alfred Helwig yọ afárá tó wà lórí àgò kúrò ní 1920, ìsàlẹ̀ nìkan ni àgò ti wá ń di ẹ̀rọ mú, ojú sì ń rí gbogbo rẹ̀ láìsí ìdènà.

Láti àpò dé ọwọ́

Ní 1947, ilé iṣẹ́ Omega ṣe ìwọ̀nba ẹ̀ńjìnnì onítourbillon tó kéré tó ti aago ọwọ́, kí wọ́n lè fi wọ ìdíje ìpéye aago tí àwọn ilé ìwòràwọ̀ máa ń ṣe nígbà náà. Ní 1986, Audemars Piguet gbé èyí tó ń ká ara rẹ̀ jáde, tó sì fẹ́lẹ́. Àgò rẹ̀ jẹ́ tìtáníọ̀mù, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 7.2.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ kì í ṣe àpò. Ẹni tó ń kọ̀wé, aago rẹ̀ dùbúlẹ̀. Ẹni tó ń rìn, tó na ọwọ́ sílẹ̀, aago rẹ̀ wà lóòró. Lálẹ́, wọ́n á bọ́ ọ sórí tábìlì, á tún dùbúlẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ọ̀pá kan ṣoṣo ni àgò Breguet sì ń yí lé lórí. Bí aago bá dùbúlẹ̀, lásán ni àgò ń yí: kẹ̀kẹ́ àlọbọ̀ wà ní ìdùbúlẹ̀ kó tó yí, ó sì wà bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tó yí. Àṣìṣe òòró ti di ẹyọ kan lóòótọ́, àmọ́ ti ìdùbúlẹ̀ wà lọ́tọ̀, àwọn méjèèjì kò sì bára mu, nítorí ìfarakanra tí a ti sọ. Àlàfo àárín ìdùbúlẹ̀ àti òòró yìí ni tourbillon kan kò lè dí.

Ọ̀nà méjì ni àwọn aláago òde òní gbà kọjá ibi tí Breguet dúró sí. Ọ̀kan kọjú sí àlàfo yẹn gan-an. Èkejì gba ibòmíràn lọ pátápátá. Orúkọ kan náà, tourbillon méjì, ni wọ́n ń pe àwọn méjèèjì, èyí tó ti ṣi ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà.

Ọ̀nà kìíní: àgò nínú àgò

Anthony Randall, aláago ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ́kọ́ ronú kan tourbillon tó ń yí lórí ọ̀pá méjì, ní 1977. Richard Good ló ṣe àkọ́kọ́ tó ṣiṣẹ́, ní 1978. Kò tíì kéré tó ohun tí a lè so mọ́ ọwọ́.

Àwọn tó gbé e dé ọwọ́ lọ́nà tó kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ jù lọ ni Robert Greubel, ọmọ ilẹ̀ Faransé, àti Stephen Forsey, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ilé iṣẹ́ wọn wà ní La Chaux-de-Fonds ní Switzerland. Ní 2004 ni wọ́n gbé Double Tourbillon 30° jáde. Kẹ̀kẹ́ àlọbọ̀ kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀. Àgò ló jẹ́ méjì. Àgò inú ló gbé kẹ̀kẹ́ náà, ó ń yí ká lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú kan. Àgò òde ló gbé àgò inú, ó ń yí ká lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú mẹ́rin. Àgò inú kò sì tẹ́jú. Ó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ìwọ̀n 30°.

Kí ló dé tó fi dà? Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Apá òòfà tó ń da kẹ̀kẹ́ àlọbọ̀ láàmú ni èyí tó ń fà á gba ojú pẹrẹsẹ rẹ̀, kì í ṣe èyí tó ń fà á gba ọ̀pá. Ká pe gbogbo òòfà ní 1. Bí ọ̀pá kẹ̀kẹ́ bá fi igun θ yà kúrò lóòró, apá tó ń dà á láàmú jẹ́ sin θ. Nínú aago lásán tó dùbúlẹ̀, θ jẹ́ 0°, ìdààmú jẹ́ 0. Bó bá dúró, θ di 90°, ìdààmú di 1. Láti òdo dé ọ̀kan: ìyàtọ̀ kankan kò lè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wá gbé Double Tourbillon 30° sórí tábìlì kan náà. Àgò òde lè máa yí bó ti wù ú, ọ̀pá kẹ̀kẹ́ àlọbọ̀ yóò ṣì fi 30° yà kúrò lóòró, ìdààmú jẹ́ 0.5. Bí aago náà bá dúró, θ á máa rìn láàárín 60° àti 90° bí àgò òde ti ń yí, ìdààmú á sì wà láàárín 0.87 àti 1. Ìyàtọ̀ tó jẹ́ odindi tẹ́lẹ̀ ti wá di ìdajì, nígbà mìíràn kò tó ìdajì. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí aago bá dùbúlẹ̀, àgò inú kò yí lásán mọ́; ó ní ìdààmú tó ń yí kiri tó sì ń pa rẹ́. Ìfarakanra náà tún sún mọ́ra, nítorí pé bí aago bá dùbúlẹ̀ tàbí bó bá dúró, ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá kẹ̀kẹ́ ń gbé nínú ìwúwo náà. Lójú tèmi, 30° yìí ni ohun tó mọ́gbọ́n wá jù nínú gbogbo ìtàn tourbillon láti ìgbà Breguet. Wọn ò fi kún ẹwà nìkan. Wọ́n wo ibi tó ń jò, wọ́n sì dí i.

Owó rẹ̀ ni agbára. Àgò méjì wúwo ju ọ̀kan lọ, sípíríǹgì ńlá sì ní láti gbé wọn sún kó tún dá wọn dúró nígbà mẹ́fà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí pé aago 21,600 ni. Ìdí nìyí tí ẹ̀dà rẹ̀ tí wọ́n pè ní Technique fi ní ilé sípíríǹgì mẹ́rin, tó ń fún un ní agbára wákàtí 120. Ẹ̀dà yìí ló wọ ìdíje ìpéye aago ní Le Locle ní 2011, níbi tí wọ́n ti ń gbọn aago, tí wọ́n sì ń gbé e sáàárín òòfà mágínẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó tún un wọ̀n. Ó gba 915 nínú 1,000, òun ló sì borí.

Ọ̀nà kejì: aago méjì, ohùn kan

Ilé iṣẹ́ tó ń jẹ́ Breguet lónìí gbé aago tiwọn jáde ní 2006. Ẹ̀dà rẹ̀ tí gbogbo ẹ̀rọ inú rẹ̀ hàn lójú, tí wọ́n pè ní Quai de l'Horloge, tẹ̀ lé e ní 2020. Aago ńlá ni, mìlímítà 46 ni fífẹ̀ rẹ̀. Níbí, tourbillon pípé méjì ló wà. Olúkúlùkù ní ilé sípíríǹgì tirẹ̀, ó ní kẹ̀kẹ́ tirẹ̀, ó ní àgò tó ń yí ká ní ìṣẹ́jú kan. Kò sí èyí tó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò sí èyí tó mọ ohun tí èkejì ń ṣe. Aago méjì ni wọ́n, tí wọ́n ń gbé ilé kan.

Ojú kan ṣoṣo ni aago sì ní. Bí ọ̀kan bá ń yára, tí èkejì ń rẹ̀yìn, ta ni ọwọ́ aago yóò gbọ́ tirẹ̀? Ohun tó ń parí ìjà náà ni dífarẹ́ńṣà. Àwọn mẹkáníìkì ọkọ̀ mọ̀ ọ́n dáadáa. Òun ló wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Bí ọkọ̀ bá ń gba kọ́nà, táyà òde ń sáré ju ti inú lọ, ìyára ohun tó gbé jíà dífarẹ́ńṣà sì máa ń jẹ́ àárín gbùngbùn ìyára àwọn méjèèjì. Nínú aago, tourbillon kan wà níbi tí táyà ọ̀tún ìbá wà, èkejì wà ní ti òsì, ohun tó sì ń dé ojú aago ni àárín wọn.

Ẹ ṣe é pẹ̀lú nọ́ńbà. Tourbillon A ń fi ìṣẹ́jú àáyá 4 yára lójúmọ́, B ń fi 2 rẹ̀yìn. Àárín wọn ni (4 − 2) ÷ 2, ìyẹn 1. Aago yóò yára pẹ̀lú ẹyọ kan péré, ó dára. Àmọ́ bí B náà bá ń fi 2 yára ńkọ́? (4 + 2) ÷ 2 jẹ́ 3, ẹni tó ní B nìkan lọ́wọ́ ìbá sàn ju ẹni tó ní méjèèjì lọ. Dífarẹ́ńṣà kì í mọ aago rere yàtọ̀ sí búburú. Ó ń pín gbèsè dọ́gba ni. Bí àṣìṣe méjèèjì kò bá ní í ṣe pẹ̀lú ara wọn, ìmọ̀ ìṣirò fi hàn pé fífi méjì wá àárín kì í sọ àṣìṣe di ìdajì. Ńṣe ló ń pín in pẹ̀lú √2, nǹkan bí 1.41. Àṣìṣe 3 á di nǹkan bí 2.1. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ ti di ìlọ́po méjì, iṣẹ́ ọwọ́ náà ti di ìlọ́po méjì.

Gbogbo àwo tó gbé tourbillon méjèèjì tún ń yí ká lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí 12, afárá tó so wọ́n pọ̀ ló sì ń tọ́ka sí wákàtí. Ìyẹn ni pé ẹ̀ńjìnnì fúnra rẹ̀ ni ọwọ́ aago. Ẹwà ni mo ka ìyípo yìí sí, mi ò kà á sí ìpéye. Àgò tó ti ń yí ká ní ìṣẹ́jú kan kò nílò kí ẹnikẹ́ni tún máa fi wákàtí 12 yí i. Ṣùgbọ́n ẹwà náà kò kéré rárá.

Breguet kọ́ ló kọ́kọ́ fi dífarẹ́ńṣà so kẹ̀kẹ́ àlọbọ̀ méjì pọ̀ nínú aago ọwọ́. Aláago kan, Philippe Dufour, ti ṣe é ní 1996, nínú aago tó pè ní Duality, láìsí tourbillon kankan. Èyí tó ṣe kò tó mẹ́wàá. Ilé iṣẹ́ Roger Dubuis ní tiwọn fi dífarẹ́ńṣà so tourbillon tí kò ní afárá pọ̀ ní méjì-méjì.

Ìwúwo àti dídán

Ẹ̀yà ara tó lé ní 60 ló sábà máa ń wà nínú àgò tourbillon, gbogbo rẹ̀ kì í sì fi bẹ́ẹ̀ tó gíráàmù kan. Fífúyẹ́ rẹ̀ kì í ṣe fún ẹwà: ohun tó bá wúwo ń kọ̀ láti gbéra, bó bá sì gbéra tán, ń kọ̀ láti dúró. Tìtáníọ̀mù ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ fi ń ṣe é báyìí, irin ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀.

Dídán rẹ̀ ló ń jẹ àkókò. Aláago á gbé ẹ̀yà irin sórí àwo síǹkì tí ó fi lẹ́ẹ̀ dáyámọ́ǹdì pa, á máa fi ìka rà á títí yóò fi dán dé ibi pé bó bá dà sí ìhà kan, á dúdú bí kóró iṣin, bó bá dà sí ìhà kejì, á funfun. Igun inú, níbi tí etí méjì ti pàdé ní ṣóńṣó, ni àdánwò tó ga jù. Ẹ̀rọ kì í lè dé ibẹ̀, ọwọ́ nìkan ló ń dé e. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọwọ́ ènìyàn ló ṣe aago olówó ńlá kan tàbí ẹ̀rọ, kó mú gíláàsì aláago, kó wo àwọn igun yẹn.

Ṣé èrè rẹ̀ tó iṣẹ́ rẹ̀?

COSC, àjọ tó ń dán aago wò ní Switzerland, máa ń fi ọjọ́ 15 wo ẹ̀ńjìnnì kan, ní ipò márùn-ún, nínú òtútù àti ooru láti 8°C dé 38°C. Kó tó lè gba ìwé ẹ̀rí, ìpíndọ́gba àṣìṣe rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju kó rẹ̀yìn pẹ̀lú ìṣẹ́jú àáyá 4 lọ lójúmọ́ tàbí kó yára pẹ̀lú 6. Ọ̀kẹ́ àìmọye aago tí kò ní tourbillon kankan ló ń gba ìwé ẹ̀rí yìí lọ́dọọdún, pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ àlọbọ̀ tí a ṣe dáadáa àti aláago tó mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Ọ̀pẹ, ọdún 1969, Seiko ti orílẹ̀-èdè Jàpáànù bẹ̀rẹ̀ sí í ta Astron, aago ọwọ́ oníkúọ́tìsì àkọ́kọ́ tó dé ọjà. Òkúta kúọ́tìsì inú aago bátìrì òde òní ń gbọ̀n nígbà 32,768 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sì bìkítà bóyá ó dùbúlẹ̀ tàbí ó dúró. Aago bátìrì olówó pọ́ọ́kú tó wà lórí àtẹ ní ọjà Balógun lè péye ju tourbillon méjì lọ. Ìdájọ́ mi nìyí: ẹni tó bá ń ra tourbillon méjì nítorí kó má bàa pẹ́ dé ibi iṣẹ́, owó rẹ̀ ti sọ nù. Ẹni tó bá ń rà á nítorí ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀, ó mọ ohun tó ń rà.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú. Aago olówó kékeré pọ̀ lọ́jà tí wọ́n dá ihò sójú rẹ̀ kí kẹ̀kẹ́ àlọbọ̀ lè hàn, tí wọ́n wá kọ "Tourbillon" sí abẹ́ ihò náà. Ọ̀nà tí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n rọrùn: ẹ wo ihò náà fún odindi ìṣẹ́jú kan. Bó bá jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo ló ń yí lọ tó ń yí bọ̀ lójú kan, tí àgò kankan kò yí ká, irọ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Ìdánrawò

1. Kí ló dé tí a fi ní láti de kẹ̀kẹ́ kẹrin mọ́lẹ̀ nínú tourbillon? Ẹ ṣàlàyé ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá gbàgbé láti dè é.

2. Ká ní Greubel àti Forsey da àgò inú sí 45° dípò 30°. Ẹ ṣírò ìdààmú nígbà tí aago bá dùbúlẹ̀ àti nígbà tó bá dúró. Ṣé ó sàn ju ti 30° lọ? Kí ni ẹ rò pé ó lè jẹ́ ìṣòro rẹ̀ nínú aago tí a fẹ́ kó wọ abẹ́ ọwọ́ ẹ̀wù?

3. Tourbillon A ń fi ìṣẹ́jú àáyá 5 yára, B ń fi 3 rẹ̀yìn. Kí ni aago onídífarẹ́ńṣà yóò sọ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá?

4. Ẹ wá aláago kan ládùúgbò yín tó ṣì ń tún aago onísípíríǹgì ṣe. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó ṣí ẹ̀yìn ọ̀kan hàn yín, kí ẹ sì ya ilé sípíríǹgì, kẹ̀kẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìdákọ̀ró àti kẹ̀kẹ́ àlọbọ̀ bí ẹ ti rí wọn. Ẹ má fọwọ́ kan sípíríǹgì tẹ́ẹ́rẹ́. Bó bá ti tẹ̀, agbára káká ni yóò fi ṣeé tún ṣe.